Mítà Tí Kì Í Sáré

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé mítà tuntun sí ilé wa ní Òkè-Àfà, inú mi dùn débi pé mo sáré lọ ra mínírà tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná méjì tó gun òpó. Ilé alájà kan ni, ìdílé mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Kí mítà tó dé, ìfojúdíwọ̀n ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń kọ owó iná fún wa. Ẹnì kan á kàn jókòó sí ọ́fíìsì, á kọ iye tó bá wù ú. Oṣù tí a kò rí iná lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pàápàá, owó gọbọi ni wọ́n ń kọ. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsọlọ̀, ẹ̀yìn ìwé owó iná wọn ni mo ti máa ń ṣe ìṣirò iye tó yẹ ká san. Èmi nìkan náà ni mo ń kà á.

Wọ́n gbé mítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ sára òpó níwájú ilé, wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí. Tí èèyàn bá ti ra iná, yóò gba nọ́ńbà gígùn kan, yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, iye iná tó ní yóò sì hàn lójú rẹ̀. Mo ra tèmi, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ wò ó, iye tó wà níbẹ̀ kò tíì yí padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bákan náà ni. Mo fọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá rédíò àtijọ́. Kò mira.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre," ìyàwó mi wí. "Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń kọ owó tí a kò jẹ sí wa lọ́rùn, ṣé wọ́n dá wa lóhùn? Ọlọ́run ló ń gba ẹ̀san wa yẹn."

Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wọ ilé ìwẹ̀, màá yọjú wo ẹ̀rọ náà. Tí mo bá jáde, màá tún wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì wọn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tó kàn mí, ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó sídìí fèrèsé kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kí ni ẹ bá wá, sà?"

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé lẹ́tà kan sọnù nínú orúkọ mi tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́, mo sì gba ilé lọ. Ìlà tí mo tò láti àárọ̀, lẹ́tà kan ni mo fi tún ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lọ mọ́. Ìyàwó mi ti ta ẹja tútù rí ní Òṣòdì, owó epo jẹnẹrétọ̀ ló jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ó wá ra fírísà kan sílé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ra èkejì. Àwọn èèyàn ń ti apá Èjìgbò wá ra ẹja kótè àti ṣáwà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì jáde láìyá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi náà ń fi iná lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrọ̀rùn kì í pẹ́ di ẹ̀tọ́ lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Nísàlẹ̀ wa gan-an ni Alhaja ń gbé, ìyá àgbà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó ta aṣọ l'Óṣòdì títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, òun ló sì ń ra iná fún un. Nọ́ńbà á wọlé sórí fóònù Alhaja, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran kà á mọ́. Èmi ló máa ń pè.

"Tíṣà! Ọmọ mi, wọ́n ti fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ o. Wá bá mi tẹ̀ ẹ́."

Màá sọ̀ kalẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ogún. Tí mo bá ti parí, á ní, "O ṣeun. Àwọn ọmọ rẹ náà á rí ẹni bá wọn ṣe é." Màá ṣe àmín, màá gun òkè lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́wàá kì í pé kó tó tún pè mí.

"Tíṣà," ó wí lọ́jọ́ kan, "ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni mo ń fi iná ṣe gan-an? Gílóòbù méjì, fáànù kan, fíríìjì kékeré. Ọmọ mi jágbe mọ́ mi lórí fóònù lánàá, ó ní bóyá mò ń fi iná se ẹ̀wà fún gbogbo àdúgbò ni."

Mo ní, "Alhaja, mítà tuntun yìí, ó máa ń sáré gan-an ni. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn, mà."

Mo gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe ń sọ ọ́. Mítà tèmi kò tíì sún látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé.

Nígbà tí mo tún wọlé tọ̀ ọ́, ó ti yọ wáyà fíríìjì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, omi rẹ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ògiri. Fáànù náà kò yí. Pépà páálí kan ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Omi tútù kì í ṣe oògùn," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Lórí àjà, mo ń gbọ́ bí fírísà wa ṣe ń kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè lọ́jọ́ náà, màá ní mi ò mọ nǹkankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò lójoojúmọ́, tó rí nǹkan tó ń dín kù níbì kan ju bó ti yẹ lọ, tó sì rí i tí kò dín kù rárá níbòmíràn, tó wá ní òun ò lè so méjèèjì pọ̀, irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, iná lọ nínú ilé wa. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn tó dojú kọ wa, tiwọn kò lọ. Mo wo ẹ̀rọ wa, iye tó wà níbẹ̀ kò dín kù. Ìyàwó mi ń kígbe ẹja rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí Alhaja fi pè mí láti ìsàlẹ̀ pé iná òun tán pátápátá, pé ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà ránṣẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe tẹ ti ìkẹyìn, gílóòbù Alhaja tàn. Lókè, fírísà méjèèjì dún gìdì, ìyàwó mi sì pariwo lójú fèrèsé, "Dádì! Iná ti dé o!"

Ìka mi ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà.

"Áà, ẹ̀yin náà ti rí tiyín gbà," Alhaja wí. "Alhamdulillahi." Kò fura rárá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó gun òpó ti so wáyà ilé wa mọ́ mítà rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ilé-iṣẹ́ náà ń pàdánù, ìyá àgbà yìí ló ń san án láti ọjọ́ tó pẹ́.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó jókòó sórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún ẹja. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ sọ fún mi?"

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa fírísà kan ná."

A pa ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ó ta ẹja tó kù ní ẹ̀dínwó, a pa èkejì. A kò fi iná lọ aṣọ mọ́. A rò pé tí a bá rọra yọ ọwọ́ wa kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó sójú kan. Ní kíláàsì, mo kọ ìbéèrè sójú pátákó, mo sì dúró níwájú rẹ̀ láìmọ ohun tó kàn, títí àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, mo máa ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn kí Alhaja má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí mo sì padà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó ká mi mọ́ ẹnu géètì. Àwọn ayálégbé méjì ń fa omi lẹ́bàá wa.

"Tíṣà! Iná mi ti ń pẹ́ o! Látìgbà tó o ti tẹ̀ ẹ́ yẹn, kò tíì tán. Mo sọ fún ọmọ mi pé ọwọ́ rẹ tutù." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lójú gbogbo wọn, ó ń ṣàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún àwọn ọmọ mi. Mo ṣe àmín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé wáyà, mo ṣàlàyé mítà, mo ṣàlàyé fírísà. Alhaja kò pariwo. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ó bi mí.

Ìdáhùn tó rọrùn wà lẹ́nu mi. "Ọjọ́ Sátidé tí iná yín tán ló tó dá mi lójú, mà." Mo mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ti fura ṣáájú ìgbà yẹn."

"Ìgbà tí mo yọ fíríìjì ńkọ́?"

"Mo ti fura, mà."

Ó wo fíríìjì náà fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ dìde."

A kò dìde.

"Mo ní kí ẹ dìde. Mo fẹ́ kírun."

Ọmọ rẹ̀ dé láti Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, mo sì ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún mi níta kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo jágbe mọ́ ìyá mi nítorí iná tí ẹ̀yin ń lò."

Èmi, Alhaja àti ọmọ rẹ̀ la jọ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wo ìwé mi, ojú rẹ̀ le.

"Oṣù mẹ́jọ ni mítà yín kò fi kà, ẹ kò sì wí nǹkankan. Olè iná nìyẹn, sà. Owó ìtanràn wà fún un."

Alhaja fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ta ló gun òpó? Ẹni tó wọ irú aṣọ tó o wọ̀ yìí ló so wáyà wọn mọ́ tèmi. Èmi ni wọ́n jẹ iná mi, èmi ò sì tíì pè é lólè níwájú rẹ. Lọ tú wáyà yín kẹ́ ẹ tún un so."

Ọkùnrin náà kò dárúkọ ìtanràn mọ́. Wọ́n wá tún wáyà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní àwọn ò lè dá owó kankan padà fún Alhaja, torí ẹnì kan ṣáà ti lo iná náà.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa padà sílé, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja pé ó gbèjà mi.

"Mi ò gbèjà rẹ," ó wí, ojú rẹ̀ wà lójú títì. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo sọ."

Èmi àti ọmọ rẹ̀ fẹnu kò pé oṣù mẹ́jọ ni èmi náà yóò fi ra iná fún un. Ìyàwó mi ta fírísà kan, ó ń fi èyí tó kù ṣe òwò díẹ̀díẹ̀. Mítà wa ń sáré wàyí, a sì ń pa gílóòbù tí a kò bá lò. Màá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù Alhaja lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń pè láti wá tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ pólì, tó ń gbé ní ìdojúkọ rẹ̀, ló ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí oṣù kẹjọ pé, mo lọ bá a fúnra mi. Mo ní ti ìkẹyìn nìyẹn, mà. Ó ní òun mọ̀, òun ń kà á. Mo dúró, mi ò lè lọ.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ó rò ó. Kò kánjú.

"Owó ti pé," ó wí. "Ti inú mi ni kò tíì tán. Ọjọ́ tó bá tán, màá sọ fún ọ."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Mo ń kí i láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń dá mi lóhùn. Kò tíì sọ.