Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tí N Kò Fi Téèpù Kàn

Ojú ni mo fi wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi náà. Èmi káfíńtà tó ti ń na téèpù ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí irùngbọ̀n mi tó hù, èmi tí mo máa ń bú ẹnikẹ́ni tó bá fojú díwọ̀n pákó níwájú mi, èmi yìí kan náà ló dúró lórí afárá pákó ní Òde-Omi, tí mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí mo sì kọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ kọjá ibi tí afárá parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ wọnú ọkọ̀. Omi ibẹ̀ dúdú. Èmi kì í sì í ṣe òmùwẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni kó fi kọ̀ǹpútà ya àpótí ìjókòó tí yóò wọ inú ọkọ̀ obìnrin kan tó ń kó èrò àti ẹja. Èmi ni n óò wá kan àpótí ọ̀hún. Igi ìdábùú méjì ló pín inú ọkọ̀ sí mẹ́ta: iwájú, àárín, ẹ̀yìn. Obìnrin náà ti sọ fún wa pé gígùn inú ọkọ̀ òun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún. Láti orí afárá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo fi téèpù kan iwájú, ó jẹ́ mẹ́fà. Mo kan àárín, ó jẹ́ méje. Ti ẹ̀yìn, ẹ ti gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ọjọ́ Ìsìnmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́jọ́ kejì ni olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ rí àwòrán náà, bí kò bá sì gún, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo jókòó jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Bó ṣe ń tẹ iye kọ̀ọ̀kan wọlé, ìlà tó jẹ́ búlúù ń di dúdú. Ó ṣàlàyé fún mi pé búlúù ni ìlà tí a ò tíì dè mọ́lẹ̀, dúdú ni èyí tó ti dúró. Méjìdínlógún wọlé. Mẹ́fà wọlé. Méje wọlé. Gbogbo rẹ̀ dúdú, ó sì dára. Ló bá tẹ mẹ́fà àbọ̀ tèmi.

Gbogbo àwòrán náà pọ́n bí ata.

Mo fò dìde, àga mi ṣubú, mo sì ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa iná. Mo ní kó jẹ́rìí sí i pé n kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n jókòó, kò sí ohun tó fẹ́ bú gbàmù. Ó pa iye mi rẹ́, àwòrán padà di dúdú. Ó tún un tẹ̀, ó tún pọ́n. Ó wò ó bóyá íǹṣì ló fi sí ibi tó yẹ kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò ó bóyá igun kan ò pàdé. Gbogbo wọn pàdé. Èmi náà ń bá a ronú: mo ní bóyá iná mọ̀nàmọ́ná tó ń ṣe ségesège ni, bóyá máòsì rẹ̀ ti gbó.

Níkẹyìn, ẹ̀rọ náà ní bí a bá fẹ́, òun á fúnra òun ka ẹ̀yìn ọkọ̀ fún wa, kí a má pàṣẹ iye fún òun. Ọmọ náà gbà. Márùn-ún ló kà.

“Bàbá kékeré,” ló wí, “mẹ́fà àti méje, mẹ́tàlá nìyẹn. Nínú méjìdínlógún, níbo ni mẹ́fà àbọ̀ yín fẹ́ gbà wọlé?”

Mo ní igi máa ń wú nínú omi.

Ó wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí nígbà tí ẹran bá dín nínú ìkòkò. Ó ní kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ọ̀kan nínú iye mẹ́rin yìí ń parọ́, àmọ́ kò mọ èyí tó jẹ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo wúkọ́.

“Ṣé ẹ fi téèpù kàn án?”

Mo ní ojú mi náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Kò bá mi jà. Ó pe obìnrin ọlọ́kọ̀ lórí fóònù, ó ní kó bá wa wọn ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi pè wá padà: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé. Ẹ̀rọ tí kò dé Òde-Omi rí ló mọ ọkọ̀ náà ju èmi tí mo san owó ọkọ̀ débẹ̀. Àwòrán dúró ní dúdú, ọmọ náà mí kanlẹ̀.

Ó ku ti àpótí tí n óò lọ kàn mọ́ inú ọkọ̀. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ọmọ náà pé kó bá mi bẹ obìnrin náà kó wọ́ ọkọ̀ gòkè sórí ilẹ̀, nítorí omi ibẹ̀ jìn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohùn obìnrin náà jáde láti inú fóònù:

“Omi wo ló jìn? Ibi tí ọkọ̀ wà yẹn, ibẹ̀ ni mo ti ń dúró fọ ìkòkò. Sọ fún bàbá rẹ kékeré kí wọ́n ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn sókè.”