Ẹja Àlejò Tí Mo Fẹ́ Dá Gbà

Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú omi mi, n kò tọ́ oúnjẹ tí mo sè wò. Mo ní omi mi, bẹ́ẹ̀ inú ilé ọ̀gá mi ni omi ọ̀hún wà, owó ọ̀gá mi ni wọ́n sì fi ra gíláàsì tó gbé e dúró. Kúùkù ni mí. Ọ̀gá mi ń darí iléeṣẹ́ kan tí ń hun aṣọ ìbora ní Ìsọlọ̀, Okota níbẹ̀ náà la ń gbé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Èkó, tí àwọn kan ń ra rẹ́díò tó tóbi bíi pósí, ọ̀gá mi ní òkun lòun fẹ́ ní pálọ̀. Wọ́n gbé àpótí gíláàsì wá láti òkè òkun, wọ́n to òkúta sínú rẹ̀, èmi àti dírẹ́bà sì ń lọ sí etí òkun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, ara rẹ̀ dúdú bí aró. Báálẹ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí bí o bá ki ìka bọ omi, á sáré wá gé e jẹ. Fún ọdún kan gbáko, èmi àti Báálẹ̀ la jọ ń ṣe ìjọba. Bí àlejò bá wọ pálọ̀, ọ̀gá á pè mí: "Sámù, wá ṣàlàyé fún wọn." Kúùkù wo lẹ tún mọ̀ tí wọ́n ń pè wá ṣàlàyé? Màá nu ọwọ́, màá wúkọ́, màá bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá pàdé Tíṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Èkìtì ni, ilé kẹta sí tiwa ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọléèwé nípa ohun abẹ̀mí. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún! Ó yọ ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan nínú báàgì, ó jẹ́ kó léfòó nínú omi. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó lọ̀pá yẹn ń yọrí sókè tó.

"Bùọ̀dá, iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù."

"Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ láti ọdún méjìlá, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níyọ̀?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bùọ̀dá. Ẹja tuntun tí ọ̀gá yín ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ń bọ̀. Ó yẹ ká ti máa dín in kù."

N kò dín nǹkan kan kù. Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá pè mí. "Sámù, Tíṣà ni yóò gba ẹja yẹn wọlé. Bí o ò bá lè bá a ṣe é, padà sílé ìdáná, kóun máa tọ́jú àpótí lọ." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń bó iṣu, orúkọ Tíṣà ni mò ń bó.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọ̀gá ti pápákọ̀ òfurufú dé pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ẹja kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó pọ́n bí ọsàn, ìlà funfun mẹ́ta dì í lára bí ọ̀já. "Jẹ́ kí ọ̀rá náà léfòó lórí omi, kí òtútù omi inú rẹ̀ àti ti àpótí dọ́gba. Má tú u. Dúró de Tíṣà," ni ọ̀gá wí. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gba iléeṣẹ́ lọ.

Mo dúró, Tíṣà ò dé. Ẹja náà ń wò mí. Ní Ìjẹ̀bú tiwa, a kì í fi àlejò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní kó wọlé, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀. Àlàyé tí mo ṣe fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí Tíṣà bá ẹja náà níbi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́, kó sì gba ọ̀nà tó bá wá padà lọ. Mo tú ọ̀rá, mo fi abọ́ bu ẹja sínú àpótí, mo wọ́n edé lílọ̀ lé e lórí.

Àlejò ò jẹun. Ó ta pọ́ún, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí iyanrìn, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Báálẹ̀ yọ láti inú ihò àpáta rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e níru.

"Kúrò ńbẹ̀, onílara!" ni mo pariwo. Ẹ wo ẹni tó ń bú ẹlòmíràn ní onílara.

Èmi tí mo máa ń sọ fáyé pé mo ti lé olè méjì rí, ẹja tí kò gùn tó ìka ló mú mi la títì kọjá pẹ̀lú épíróònù lọ́rùn. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọjà bọ̀, ẹrù aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!"

"Bùọ̀dá, kí ló dé? Ilé ń jó ni?"

"Ẹja ń kú."

"Ta ló tú u?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ju ẹrù sílẹ̀, a sáré.

Ọlọ́run yọ mí, n kò tíì da omi inú ọ̀rá nù. Ó dà á sínú báfù kékeré, ó fi abọ́ gbé ẹja padà sínú rẹ̀, ó ki ọ̀pá atẹ́gùn sí i. Ó wá gbé ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ sínú àpótí. Ọ̀pá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò jáde.

"Bùọ̀dá, bí omi yìí bá fà, kí lẹ fi ń kún un?"

"Omi òkun. Ojúlówó."

Ó wò mí. "Bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, ṣé omi oníyọ̀ lẹ ń bù sí i?"

Ó wá yé mi. Omi nìkan ló ń fà, iyọ̀ ò bá a lọ. Odindi ọdún kan, iyọ̀ lórí iyọ̀ ni mo ń dà. Ara Báálẹ̀ ti ń mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, àlejò ló kó sí i lójijì. Èmi kúùkù ọdún méjìlá! Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ní Ìjẹ̀bú.

Nígbà tí ọ̀gá fi máa dé, ẹja ti dìde. Ọ̀gá wo báfù. "Kí ló gbé e débí?"

"Bí wọ́n ṣe ń gbà á wọlé nìyẹn, sà," ni Tíṣà wí, láìwo ojú mi.

"Sámù, o káre."

Mo fẹ́ gba ìyìn yẹn. Ṣùgbọ́n ìlara tún dé: pé ó ní ọgbọ́n, ó tún wá ní inúure tó máa fi bò mí láṣìírí! N kò lè jẹ gbèsè yẹn. "Ọ̀gá, èmi ni mo dà á sómi. Díẹ̀ ló kù kí n pa á."

Ọ̀gá yíjú sí Tíṣà. Wọ́n ní, "Àpótí ti di ti Tíṣà."

"Mo gbà, sà," ni Tíṣà wí. "Àmọ́ mò ń lọ síléèwé láàárọ̀. Bùọ̀dá ni yóò máa bá mi ṣe é."

Bí mo ṣe di ọmọ abẹ́ ẹni tó yẹ kó jẹ́ àbúrò mi nìyẹn. Ó ní kí n máa bu omi òjò díẹ̀ sínú àpótí lójúmọ́, kí n máa bu ife omi àpótí kan sínú báfù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí àlejò máa mọ ilé tuntun lára díẹ̀díẹ̀. Mo fi aṣọ bo báfù kí ẹ̀rù má bà á. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní kí n tú gbogbo òkúta àpótí, kí n tún un tò lọ́nà mìíràn.

"Kí ni Báálẹ̀ ṣe?"

"Onílé ló ń jà, Bùọ̀dá. Bí kò bá mọ ilé rẹ̀ mọ́, àlejò làwọn méjèèjì."

Mo tú u. Ó dùn mí fún Báálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. A da ẹja tuntun sí i. Báálẹ̀ wá ihò rẹ̀ títí, kò rí i, kò sì ráyè jà.

Lọ́jọ́ kẹta sí i, mo wọ́n edé, àlejò yọ láàárín òkúta, ó gbé e mì. Mo sáré jáde. Ọ̀gá wà ní pálọ̀, mo gba iwájú wọn kọjá. Ẹnu ọ̀nà Tíṣà ni mo bá ara mi.

"Ó ti jẹun!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti fi ọ̀pá wọn iyọ̀ lónìí?"

Inú bí mi. Mo padà lọ wọ̀n ọ́n.