Ẹ́ńjìnì Lọ́rì Nínú Mọ́tò Abu Sálímù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹnu mi ṣe gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi ní Jẹ́dà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o!

Àwọn ọdún 1950 ni. Ìwó ni mo ti wá ṣe Hájì, mi ò sì padà sílé. Mo ń ṣe mẹkáníìkì ní Al-Mahjar ní Jẹ́dà láìní ìkámà, ìwé tó ń jẹ́ kí àlejò lè gbé ìlú wọn. Ìyàwó mi, Àlàájà Sífáwù, ń se oúnjẹ tà ní Ash-Shubaikah ní Mẹ́kà. Bí mo bá fẹ́ lọ wò ó, kí mọ́tò tó dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ni màá ti bọ́ọ́lẹ̀, màá wá fẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn òkè. Ṣé ayé nìyẹn?

Ọmọ Jẹ́dà kan wà tó ń jẹ́ Abu Sálímù, tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó àwọn tó wá ṣe Hájì lọ sí Mẹ́kà. Ó gbọ́ pé àwọn òyìnbó fẹ́ dán mọ́tò wò lórí ilẹ̀ iyọ̀ pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n mọ èyí tó lè sáré jù. Ó ní tí tòun bá ṣe ipò kìíní, òun á di kafílì mi, òun á dúró fún mi kí n gba ìkámà. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn!

Òfin wọn ni pé mọ́tò gbọ́dọ̀ rí bí kọ́ńpìnì ṣe ń tà á fún gbogbo ayé, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kọ́ńpìnì. Mo ní kò séwu. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnì lọ́rì ni mo gbé sí mọ́tò yẹn nígbà tí tiẹ̀ kú, ṣùgbọ́n kọ́ńpìnì kan náà ló ṣe méjèèjì. Ọmọ ìyá ni wọ́n! Ní Al-Mahjar, ohun tó bá ti wọlé tó sì jókòó dáadáa, tiẹ̀ ni. Ta ló ń béèrè ju ìyẹn lọ?

Mọ́tò wa sáré o! Àwọn tó kù jẹ eruku. Òyìnbó tó ń yẹ mọ́tò wò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mirí, ó fi Lárúbáwá bi mí pé kí ni mo ṣe sí i tó fi lágbára tó báyìí.

Ìyìn ti wọ̀ mí lára. Mo sọ bí mo ṣe tú ẹ́ńjìnì náà lára lọ́rì tó ti kú, mo tún fi ibi tí mo ti gé irin hàn án. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo rò pé orúkọ mi ló ń kọ!

Ó pa ìwé dé, ó ní ti kọ́ńpìnì nìkan kò tó, àfi ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yẹn gan-an. Wọ́n yọ wá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Yá Súlè, lísànák!" Ahọ́n mi yìí ni Abu Sálímù ń bú títí a fi délé. Ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ kafílì. Mi ò ní purọ́, mo sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, mọ́tò mẹ́rin ló tò síwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Àwọn tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni o! Wọn ò bá eré ìje wá, ẹ́ńjìnì lọ́rì ni wọ́n ń fẹ́, tó lè gbé èrò àti ẹrù gun òkè Mẹ́kà. Ọ̀kan tilẹ̀ ní òun á ṣe kafílì mi tí mo bá máa ṣiṣẹ́ fún òun nìkan.

Ká tó kírun Áílà, Abu Sálímù ti gbọ́. Ó sáré dé, ó gbá mi lápá mú, ó ń pariwo fáwọn yòókù pé, "Súlè ḥaggí!" Pé tòun ni mí! Ọjọ́ náà gan-an ló fà mí lọ sí ọ́fíìsì ìwé. Ṣé ó ti dárí jì mí ni? Rárá o, owú ni!

Ọjọ́ tí mo gba ìkámà, mo jókòó sínú mọ́tò títí a fi wọ Mẹ́kà. Nígbà tí Sífáwù rí ìwé náà, ó fi aṣọ nu ọwọ́ kó tó gbà á, ó sì dì í mú.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kẹ́ ẹ béèrè ìdí òfin kẹ́ ẹ tó lanu, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín pamọ́, ẹni tó nílò rẹ̀ lè wà nínú àwọn tó ń wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹnu rẹ̀ ti kó bá rí, tó tún wá di oore? Ẹ má fi mí nìkan sílẹ̀ sínú ìtìjú yìí, ẹ sọ tiyín!