Ìbọn Tí Kì Í Dún

Mi ò fẹ́ràn ìbọn náà láti ọjọ́ tí mo ti rí i, kì í sì í ṣe pé mo jẹ́ ojo. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí lápá Ọ̀yọ́. Ìbọn ṣakabùlà bàbá mi máa ń wà lára ògiri, lókè ibi tí mo ń tẹ́ ẹní mi sí. Ìbọn tó ń dún kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tí àbúrò ọkọ mi gbé wọ ilé wa ní Ore, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fi pọ́ọ̀ǹpù fún sínú rẹ̀, bí ẹni ń fún táyà kẹ̀kẹ́. Ó gbé agolo mílíìkì kan sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé, ó fojú sùn ún, ó yìn ín. Ohun tí mo gbọ́ ò ju kí èèyàn tu kóró àgbálùmọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu lọ. Agolo fò sókè. Nígbà tí mo mú un, ihò wà lára rẹ̀ níwájú, ihò wà lẹ́yìn. Àwọn adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀ ò tiẹ̀ gbé orí.

"Ọkọ mi kékeré," ni mo pè é. Bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn, torí pé ọkọ mi ló jẹ́ nínú ẹbí bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa. "Ta ló máa mọ̀ pé ẹ yìnbọn?"

"Ìyàwó wa, ohun tó dáa nínú ẹ̀ nìyẹn!"

Ẹ̀yà ara ọ̀kadà ló ń tà nítòsí gáréèjì, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí ẹnu gbogbo ọlọ́jà tó wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ṣakabùlà bá dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agbo túùkú á fọ́n ká ni. Èyí á pa ọ̀kan, àwọn tó kù á ṣì máa jẹun lọ, á sì tún pa òmíràn. Mo ní ó dáa. Ara mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mo ní ó dáa.

Torí oko ìyá wọn ló ṣe ra ìbọn. Túùkú ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó, pupa lára, irun rẹ̀ le, eyín ako rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Wọ́n ti wọ oko Ìyá ní Omífunfun, wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́, tí àwa nílé wa ń pè ní pákí, débi pé ẹni tó bá rí ilẹ̀ náà á rò pé katakátá ló kọjá níbẹ̀. Ọkọ mi ti wá sọ fún Ìyá pé bí túùkú bá tún jẹ ti ọdún yìí tán, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ore.

Ìyá ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí. "Kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní Ore? Kí n jókòó sínú yàrá, kí n máa ka tírélà lójú títì?" Oko yẹn ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn, òun náà ni wọ́n sì ń jí rí lójoojúmọ́ láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Ó dá mi lójú pé bí a bá mú wọn kúrò níbẹ̀, a ti pa wọ́n nìyẹn. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní tíṣà ti ń sọ ọ̀rọ̀ àgbà, torí iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Nítorí náà, bí mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn ìbọn náà, mo fẹ́ kí túùkú kú.

Àṣà kan wà ní àwọn oko yẹn tí mi ò bá níbòmíràn. Bí ìbọn bá ti dún nínú igbó, gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí á nàró, á sì ké síta pé, "Èmi rèé o, ìdí ọ̀pẹ!" "Èmi rèé, etídò!" Ọdẹ ò ní tíì gbé ẹsẹ̀. Á dúró, á gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, á mọ ibi tí èèyàn wà. Bí ẹran tó fara gbọgbẹ́ bá forí lé ibi tí ohùn kan ti jáde, ọdẹ á ké padà pé kí onítọ̀hún tètè gun igi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá Ìyá lọ sóko, ìbọn dún, èmi dákẹ́, mo tẹ̀ síbi ebè. Ìyá jágbe mọ́ mi. "Tíṣà! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣe ẹran ni? Dáhùn!" Mo ké, ojú ń tì mí. Àwọn obìnrin oko kejì rín mi rín mi títí a fi relé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ohùn mi ló ń lọ sókè jù níbẹ̀.

Ní Sátidé kan, gbogbo wa lọ sí Omífunfun. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ ní abà, ó sì tún gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́ Aláyè láti ra epo dísẹ́lì fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Àbúrò rẹ̀ fi àpò wé ìbọn mọ́ra. Ìyá ti dáná, wọ́n gbé agbada kaná, èmi àti wọn fẹ́ yan gààrí.

"Ìyé, ṣé ẹ ò ní wọ oko lónìí?" ni àbúrò ọkọ mi bi wọ́n. Ìyé ni àwọn Ìkálẹ̀ ń pe ìyá.

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ìdí iná yìí ni mo wà."

Èmi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké kí ẹ tó yìn ín."

"Bí mo bá ké, ṣé túùkú á dúró dè mí ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀nà àbàtà lọ, igbó sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ náà dákẹ́ jù. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ewé kòkó ò mì. Ajá Ìyá, tí kì í jókòó síbì kan, wọ abẹ́ àga lọ, ó gbé ẹnu lé ilẹ̀. Mo ń yan gààrí, mo ń fetí sílẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi, torí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tí etí mi máa gbọ́. Bó bá jẹ́ ṣakabùlà ni, à bá ti mọ̀ bóyá ó ti yìn ín àbí kò tíì yìn ín. Omi wá tán nínú kòròbà. Mo gbé e, mo gba odò lọ.

Nígbà tí mo fi máa dé, Ìyá ò sí nídìí iná. Wọ́n ti fa igi jáde kí gààrí má baà jóná. Apẹ̀rẹ̀ wọn ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àdá wọn ò sí. Mo mọ ibi tí wọ́n lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ara wọn ò gbà á ni. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n lọ wo ebè ẹ̀gẹ́ tuntun wọn bóyá túùkú ti dé ibẹ̀. Mo ké, "Ìyá o!" N kò gbọ́ ìdáhùn. Mo tẹ fóònù àbúrò ọkọ mi, nẹ́tíwọ̀kì ò sí, bó ṣe máa ń rí níbẹ̀. Mo sọ kòròbà sílẹ̀, mo sì wọ ọ̀nà oko.

Mo ń lọ, mo ń pè wọ́n. Kò sí ẹyẹ kan tó ń ké. Ibi tí ọ̀nà oko àti ọ̀nà àbàtà ti pàdé ni mo ti rí àbúrò ọkọ mi, ó ń jáde bọ̀, òógùn bò ó, eyín rẹ̀ sì wà níta.

"Mo bà á! Ìyàwó wa, ako ńlá! Abẹ́ etí báyìí ni mo ti bà á!"

"Ó kú?"

"Ó sá. Kò ní lọ jìnnà."

"Ibo ló gbà?"

Ó fi ẹnu ìbọn nà án sí oko ẹ̀gẹ́ Ìyá.

"Ta ló dáhùn?" ni mo bi í.

"Ta ni ì bá dáhùn? Kò sẹ́ni..." Ó wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó wo ọ̀nà tí mo gbà wá. "Ìyé ńkọ́?"

A jọ sáré ni. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé kòkó, kò pọ̀, ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún. Ó ń kọjú sí ibi tí à ń lọ gan-an. Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà náà, "Ìyé! Ìyé!" ohùn rẹ̀ ti yí padà pátá. Èmi ń gbàdúrà, mi ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyá jókòó, wọ́n fẹ̀yìn ti igi obì kan ní ẹ̀gbẹ́ ebè tuntun. Apẹ̀rẹ̀ ti dojú dé. Wọ́n ti tú ìborùn wọn, wọ́n sì ti fi di itan wọn pinpin, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti la aṣọ náà kọjá. Túùkú náà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó ti yí ẹ̀gẹ́ lulẹ̀ tó fi wọ igbó lọ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, a ò sì mọ̀ bóyá ó ṣì dúró níbẹ̀ tó ń wò wá.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, Ìyá ti di apá mi mú. "Mé è gbọ́ ìbọn, ọma mi," ni wọ́n wí. Wọ́n gbàgbé pé Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ sí mi. "Mé è gbọ́ ìbọn kankan." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì.

Àbúrò ọkọ mi pọ̀n wọ́n dé abà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ mi ti dé, ọ̀kadà tó gbé e ò tíì yí padà. Àárín ọlọ́kadà àti èmi ni a fi Ìyá sí, mo gbá wọn mọ́ra títí a fi dé Ore. Ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná lára yẹ̀rì mi. Ní gbogbo ọ̀nà, wọn ò ké, wọn ò kérora. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí ni pé ṣé mo pa iná ìdí agbada dáadáa.

Dókítà ní ọsibítù ní ọgbẹ́ náà jìn, ó sì dọ̀tí, eyín ẹran náà ti gbé erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rán an, wọ́n fa omi sí Ìyá lára. Lọ́jọ́ kejì, ojú wọn ti là. Wọ́n ní kí a pe ọmọ wọn tó yìnbọn wá. Ó wọlé, ó dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé mi tó pẹ́ dé.

"Ìwọ lo yìn ín?"

"Èmi ni, Ìyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé."

"Ó dún?"

Mo rí i tó wo ọkọ mi, tó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dún, Ìyé. Ó dún dáadáa. Ó jọ pé ẹ ò gbọ́ ni."

Ìyá gbé orí lé ìrọ̀rí padà. Ojú wọn rọ wọ̀ọ̀ níṣojú mi. "Hẹn. Etí mi ti lọ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín oko. Kí ọkọ mi mú ẹ̀gbẹ́ kòkó. Kí wọ́n wá ẹni tó máa mójú tó ẹ̀gẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìbọn, ni wọ́n wí, kò yẹ kó tún wọ igbó, á kó bá ọdẹ, á kó bá ara rẹ̀. Ọkọ mi ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ẹ ti ṣe é dáadáa, Ìyé, Ore náà á dùn." Inú bí mi, ó bí mi gan-an, orí mi gbóná.

"Irọ́ ni, Ìyá," ni mo wí. "Ìbọn yẹn kì í dún. Èmi tí mo dúró tì í nígbà tó yìn ín nílé, ìró rẹ̀ ò ju itọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ láti ibi tí ẹ wà. Kò sí nǹkan kan tó ṣe etí yín."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "O ṣeun, Tíṣà. O ṣeun." Omijé wà lójú wọn. Wọ́n wá yí ojú sí ọmọ wọn, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Ẹsẹ̀ mi, ẹranko ló mú un," ni wọ́n wí. "Etí mi, ìwọ lo fẹ́ mú un. Tíṣà, ní kó jáde."

Ó jáde.

Ọgbẹ́ náà kẹ̀. Ibà dé, dókítà ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ara Ìyá sì ń gbóná sí i. Wọ́n ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà, wọ́n ń bèèrè ebè tuntun. Àbúrò ọkọ mi ń wá láàárọ̀, ó ń wá nírọ̀lẹ́, kì í kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí i, Ìyá á ti gbọ́ bàtà rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. "Ó tún ti dé," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì padà sórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ebè tuntun ni wọ́n tún ń bèèrè lọ́wọ́ wa.

Ní àárọ̀ tí wọ́n kú, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì rò pé wọn ò mọ ohun tó ń lọ mọ́. Bàtà àbúrò ọkọ mi dún lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá la ojú, wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n sì rọra yí ojú wọn sí ògiri.