Rólà Méjì Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ Mi

Àárọ̀ Sátidé kan ni ọkọ mi sọ fún mi pé ìyàwó méjì ti gbó, pé kí n pààrọ̀ wọn.

Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dúró, mo ní, "Dádì, kí lẹ wí?"

"Ìyàwó," ó tún wí, ó na ìka méjì sókè. "Méjì. Wọ́n ti gbó. Pààrọ̀ wọn."

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú balùwẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Fate. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dá mi lágara jù ni ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ lẹ́tà fún ìjọba, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń ní kó bá àwọn tún gbólóhùn ṣe, wá di ẹni tó ń béèrè bàtà nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ti gba ipò ara wọn. Bí ebi bá ń pa á, á ní rárá. Bó bá ti yó, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ká ní gbogbo ìgbà ni, tíṣà ìṣirò ni mí, ǹ bá ti máa yí i padà lórí kíá. Ọjọ́ mìíràn wà tí rárá rẹ̀ jẹ́ rárá.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ní kí n má bínú. Ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ ò tán nínú wọn o. Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣì."

Nítorí náà mo mọ̀ pé ìyàwó lè má jẹ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìyàwó.

Mo jókòó níwájú rẹ̀. "Dádì, ṣé ẹ ní ìyàwó mìíràn ni?"

"Rárá," ó wí.

Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà tí mo dé ilé ìdáná ni mo rántí pé rárá rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀mù-Àrán. Mo bi í léèrè ìlera àwọn ọmọ, mo bi í léèrè òjò, kí n tó wá lanu sọ ọ́. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ṣé Dádì ní obìnrin kan síta?"

Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ó bi mí.

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní ìyàwó méjì."

"Háà! Ìyàwó wa, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ni wọ́n. Má gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́kàn." Ló bá ní obẹ̀ òun wà lórí iná, ó gé fóònù.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo fóònù lọ́wọ́ mi. Kò sọ pé ó ní, kò sì sọ pé kò ní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìrìn tí ọkọ mi ti rìn. Ìpàdé tó lọ ní Ọ̀fà tó fi sùn síbẹ̀ ńkọ́? Òkú tó ní òun lọ sin lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́, àbí òkú méjì ni? Ní kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọ méjì sójú pátákó níbi tó yẹ kí n kọ mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pe àkíyèsí mi sí i. Bí mo bá sì ti délé, ọkọ mi á tún na ìka méjì sí mi. "Gbó. Wọ́n ti gbó." Mo wá ń rò ó pé, bí obìnrin méjì bá ti gbó lóòótọ́, èmi ni ọ̀kan nínú wọn. Mo wo ojú ara mi nínú dígí. N kò mọ ohun tí mo ń wá níbẹ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sídè ni sùúrù tán nínú rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé láti ibi iṣẹ́, ó di etí aṣọ mi mú, ó fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni alùpùpù rẹ̀ wà, maṣíìnì àtijọ́ tó rà ní àlòkù kó tó fẹ́ mi, tó gùn wá kí àwọn òbí mi. Kó tó ṣàìsàn, ó ti ń ráhùn pé inú rẹ̀ ń dún gbàgàgbàgà bí ekùrọ́ nínú agolo. Ó sọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀, ó tú u, ó kó o sínú báàfù, ó fi kọ́tìnì àlòkù bò ó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ báàfù náà ni mo ń gbà lọ sá aṣọ, n kò rò ó sí nǹkan kan.

Ó ká kọ́tìnì kúrò. Ó ki ọwọ́ òsì bọ inú báàfù, ó mú wíìlì kékeré kan jáde, kò tóbi ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Irin ni àárín rẹ̀, rọ́bà ló yí i ká. Ó mú àtàǹpàkò mi, ó fi kan rọ́bà náà. Ṣéènì ti jẹ ẹ́ wọnú, ojú ibẹ̀ jìn, ó sì ti le bí òkúta.

"Ìyàwó," ó wí. Ó wá èkejì rẹ̀ jáde. "Ìyàwó."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Nígbà tó yá, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú mi.

"Ṣé èyí ni ẹ̀ ń pè ní ìyàwó láti Sátidé?"

"Rárá! Rárá!" Ó ń mi orí sókè sódò, inú rẹ̀ ń dùn.

Mo pe àbúrò rẹ̀ padà, mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lójú tèmi. N kò bi í léèrè ìdí tó fi kọ́kọ́ béèrè ẹni tó sọ fún mi. Títí di òní, n kò tíì bi í.

Lọ́jọ́ kejì mo di nǹkan méjèèjì sínú ọ̀rá, mo wá ṣọ́ọ̀bù kan lọ lẹ́bàá Ọ̀fà Garage, níbi tí bàbá àgbà kan ti ń ta ẹ̀yà ara maṣíìnì. Ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Irú maṣíìnì yìí ṣì wà láyé? Rólà ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì nìwọ̀nyí. Kí lẹ̀yin ń pè é?"

Mo bi í léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣéènì náà ló ń yí irin tó ń ṣí fáàfù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, tó sì ń pa á dé. Rólà ló ń dì í mú kó má ju ara rẹ̀ kiri. Bí rólà bá ti jẹ, ṣéènì á máa gbá ara ẹ́ńjìnnì. Ó wọlé, ó pẹ́, ó sì mú méjì jáde nínú páálí kan tó kún fún eruku. Mo fi wọ́n wé ti ọwọ́ mi. Mo ní wọn kò dọ́gba.

"Ìyá, tiyín ló ti rù," ó wí. "Ta ni mẹ́káníìkì yín?"

"Èmi ni."

Ó wo bàtà mi, ó wo báàgì ilé ìwé tí mo gbé kọ́ apá. "Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i," ló wí, bí ẹni ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kò lè sọ ọ́. Ní Sátidé, ó jókòó sórí àga, mo jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. Fífi rólà méjèèjì síbẹ̀ kò pẹ́. Àmì ló fẹ́ pa wá. Àmì kan wà lókè, lára irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, òmíràn wà nísàlẹ̀, lára wíìlì ńlá. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ipò wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé ó ti tọ́?"

"Rárá."

Mo yí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Mo yí i padà. Ó tún bínú. Òógùn bò mí, n kò mọ apá ibi tí mo ti wá mọ́. Mo ju sípánà sílẹ̀. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹnu dá mi lóhùn mọ́. Bó bá tọ́, ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. A wá ń ṣe é láìsọ̀rọ̀, títí wọ́n fi pe ìrun alásárì ní mọ́sáláṣí ìtòsí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bà lé èjìká mi, ó fi í síbẹ̀, kò tètè gbé e kúrò.

Wáṣà kékeré kan, òrùka irin tí wọ́n ń fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, ṣẹ́kù nínú báàfù. Mo fi í hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi í sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kó wà nínú ẹ́ńjìnnì àbí kò yẹ.

Aládùúgbò wa kan bá wa gbé ẹ́ńjìnnì padà sára maṣíìnì. Mo rọ ọ́ìlì, mo rọ epo, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló dáhùn. Èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ìró ekùrọ́ mọ́.

"Ó ti bàjẹ́!" ọkọ mi kígbe. "Ó ti bàjẹ́!"

Mo sáré pa maṣíìnì náà. Ó bá fi ọwọ́ lu itan, ó ń pariwo, ó ń nawọ́ sí maṣíìnì.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́," aládùúgbò wa wí. "Inú wọn ń dùn ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹ wojú wọn."

Mo wò ó. Ìdajì ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ìdajì kejì dúró bó ṣe wà. Mo tún fi ẹsẹ̀ gbá maṣíìnì náà.

Òun kò lè gùn ún, èmi kò mọ̀ ọ́n gùn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó lọ síléèwé, mo máa ń tan án fún un, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ti padà sẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni omi ń jẹ́ omi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ pa maṣíìnì náà, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ó kù díẹ̀," ó wí.

"Kí ló kù?"

"Ó kù díẹ̀."

Mo ṣí táǹkì wò, epo dé ìdajì. Mo yẹ ọ́ìlì wò, ó pé. Mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan tó yàtọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti pa ojú dé, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. N kò pa maṣíìnì náà mọ́, mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo jókòó tì í.