Táìlì Tó Wà Lẹ́yìn Ọmọ Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ìwé mẹ́ta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ táìlì lílẹ̀, ẹ béèrè mi ní Lugbe. Bí mo bá wo ilẹ̀ ilé kan lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ irú ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Lọ́dún tí ọmọbìnrin mi lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá gbé fóònù lé orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá yí ohùn rẹ̀ sókè, gbogbo ayálégbé á sì péjọ. Kò sí ilé mìíràn ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń rí ojú ọmọ wọn láti òkè òkun.

Mo sì ní òfin. Ọmọ mi á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi, á kí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni fóònù á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó lè kí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òkè òkun ti ba ọmọ mi jẹ́.

Nígbà tá a kọ́kọ́ pè é, pálọ̀ ló wà. Òkúta màbù funfun ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ilẹ̀kùn. Mo ní kó dojú fóònù kọ ilẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. Mo wá kọjú sí ọkùnrin Èkìtì tó ń gbé yàrá kejì sí wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni.

“Ṣé ẹ rí nǹkan? Irú èyí ò sí ní mínísírì yín.”

“Ọ̀gá Táìlì, ṣé ọmọ lẹ pè ni àbí ilẹ̀?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé ìdáná ni. Táìlì kékeré aláwọ̀ eérú, ọ̀rá ti dì sí àárín wọn. Mo ní ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ò mọṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ìwẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, omi ẹ̀rọ ń dà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tì í. Ìyá rẹ̀ fà mí lápá.

“Dádì, kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ìwẹ̀ ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀?”

“Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Mo ní kó dákẹ́. Kì í ṣe pé mi ò rí i. Mo rí i pé yàrá ń kéré sí i. Táìlì ni mo ṣáà ń wò.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sí táìlì. Ògiri símẹ́ńtì lásán ni, wọn ò kùn ún ní ọ̀dà, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ó fi aṣọ bo etí kan. Kò kúnlẹ̀.

“Dádì, ẹ gbọ́, mi ò ní pẹ́...”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá nìyẹn?”

Ojú ń tì mí láàárín àwọn èèyàn. Ó kúnlẹ̀. Orí rẹ̀ kúrò nínú àwòrán, ògiri nìkan ló kù tá à ń rí. Ó kí mi. Ó kí ìyá rẹ̀, ó wá dìde. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé e fún àwọn ayálégbé. “Ẹ kú ìsinmi sà, ẹ kú ìsinmi mà,” ó ń kí wọn kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Nígbà tó kan ọkùnrin Èkìtì, kò jẹ́ kó kí òun.

“Ọmọ mi, fi ìyẹn sílẹ̀. Kí lo fẹ́ sọ?”

“Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé...”

Àwòrán dúró sójú kan. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo sì rí ilẹ̀ tó wà níta: màbù funfun, tó gùn tó ilẹ̀kùn. Inú ilé yẹn náà ló ṣì wà.

Lẹ́yìn náà ni ìpè já. A pè é títí, kò wọlé mọ́. Mo lọ sí Mpape, níbi tí obìnrin tó bá a wá iṣẹ́ ń gbé. Ó ti kó lọ. Mo wo ilẹ̀ yàrá rẹ̀, símẹ́ńtì ni.

Ohun tó sọnù ni ìṣẹ́jú mẹ́fà tí a fi kíra lọ́jọ́ yẹn, fóònù kan lókè òkun, àti ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún méjìlélógún.