Àárọ̀ Tí Iyọ̀ Padà Sínú Ẹ̀jẹ̀ Màámi

Òórùn oògùn apakòkòrò ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òun àti ooru yàrá tí wọ́n tẹ́ màámi sí nílé ìwòsàn kan ní Gwagwalada. Fáànù òkè ń yí jẹ́jẹ́, atẹ́gùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kàbbà ni mo ti mú wọn wá kí wọ́n lè sinmi lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń bì, orí ń fọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn kò sì ranlẹ̀ mọ́. Mo rò pé ibà ni, àfi láàárọ̀ tí mo gbé ògì fún wọn, tí wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n ní, “Ta ni ìwọ yìí?”

Dókítà tó wò wọ́n kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ní kí n kó oògùn tí wọ́n ń lò jáde, ó sì mú èyí tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń mú wọn tọ̀ léraléra. “Ṣé wọ́n ń jẹun?” Mo ní oúnjẹ kì í wù wọ́n, pé wọ́n ti pa iyọ̀ tì pátápátá, omi ni wọ́n ń mu ṣáá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní, “Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló lọ sílẹ̀ jù, mà. Òun ló da ọpọlọ wọn rú.”

Ó dá oògùn náà dúró, ó dín omi mímu wọn kù, ó sì fi dírípù oníyọ̀ sí wọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó yára. Ó mirí. “A ò gbọdọ̀ kánjú, mà. Tó bá sáré gòkè jù, ó lè ba ọpọlọ jẹ́, kò sì ní ṣeé tún ṣe.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́, tí a sì ń dúró.

Àárín ìdúró yẹn ni màámi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pe dókítà, ẹ̀gbọ́n mi tí mọ́tò pa lọ́nà Lọ́kọ́ja. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” Dókítà wojú mi. Ó wá fohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, “Mo ti jẹun, mà.” Màámi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màámi rọra fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ dókítà. “Dókítà, ẹ káàárọ̀.” Inú dókítà dùn, iyọ̀ náà ti gòkè débi tó ń fẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń dúpẹ́. Nígbà tí n ó fi yíjú padà, màámi ti kọjú sógiri, èjìká wọn ń gbọ̀n.

“Ó tún ti lọ,” ni wọ́n wí.

Ara wọn yá, a padà sílé, àwọn ará ìjọ sì wá bá wa yọ̀. Èmi ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìbànújẹ́ náà ti ń fúyẹ́ lára wọn, torí wọn kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi létí mi. Ọ̀rẹ́ mi, ó wá yé mi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí tí wọ́n sì ń gbọ́ ikú rẹ̀ lákọ̀tun. Ti ọjọ́ yẹn nìkan ló ṣojú mi.